Ọkọ Inú Ìwé àti Ọkọ Inú Ilé

Ọ̀rọ̀ ìwé kan ni mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, nítorí pé díẹ̀ ni ó kù kí ìwé náà dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya kan ní àdúgbò wa ní Ìkẹ́rẹ́.

Ìyàwó ilé náà, tí ó ń pè mí ní Màmá, ni ó gbé ìwé ọ̀hún wá fún mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní gbogbo ẹgbẹ́ òun ni ó ti kà á, tí wọ́n sì ti sunkún lé e lórí. Ó ní, "Màmá, ẹ kà á, kí ẹ lè rí ohun tí à ń pè ní ìfẹ́. Láti ọjọ́ tí a ti ṣe ìgbéyàwó, ọkọ tèmi kò fẹ́ràn mi tó bẹ́ẹ̀ rí." Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni ó mú kí n gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Twilight ni orúkọ rẹ̀. Stephenie Meyer, obìnrin ará Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ ìyá ọmọkùnrin mẹ́ta, ni ó kọ ọ́. Ó ní ojú àlá ni ìtàn náà ti kọ́kọ́ hàn sí òun ní oṣù kẹfà ọdún 2003. Ọdún 2005 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìwé mẹ́ta mìíràn tẹ̀ lé e títí di ọdún 2008, ọdún náà gan-an sì ni wọ́n fi í ṣe sinimá. Àwọn ìwé náà ti tà ju 100 mílíọ̀nù ẹ̀dà lọ káàkiri ayé.

Mo kà á ní òru mẹ́ta lẹ́yìn tí iṣẹ́ ilé parí. Kí n má parọ́, ìtàn náà ń fa ènìyàn lọ, òǹkọ̀wé náà sì mọ bí a ti ń fi ẹ̀rù dá òǹkàwé dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo pa ìwé dé, ó dà bí ìgbà tí a pè mí sí ìnáwó ńlá, tí ìlù ti ń dún láti àárọ̀, tí n kò sì rí ju omi ọbẹ̀ lọ nínú àwo mi.

Ẹ gbọ́ ìtàn náà ní ṣókí. Bella, ọmọ ọdún 17, kó lọ bá bàbá rẹ̀ ní Forks, ìlú kékeré kan tí òjò kì í fẹ́ dá. Níbẹ̀ ni ó ti rí Edward, arẹwà ọkùnrin tí ojú rẹ̀ kò ju ti ọmọ ọdún 17 lọ, bẹ́ẹ̀ ọdún 1901 ni wọ́n bí i. Àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918, èyí tí ó dé ilẹ̀ wa náà, ni ìbá pa á, kí wọ́n tó sọ ọ́ di amùjẹ̀ tí kì í darúgbó. Ẹ̀jẹ̀ ẹranko ni òun àti ẹbí rẹ̀ ń mu, ṣùgbọ́n òórùn ẹ̀jẹ̀ Bella ń fà á lójoojúmọ́. Ọkùnrin yìí a máa wọ yàrá ọmọbìnrin náà lóru láti máa wo ojú oorun rẹ̀, láìjẹ́ pé ó mọ̀. Nínú ìwé kejì, ó fi í sílẹ̀, Bella sì di bí ẹni tí kò ní ẹ̀mí fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nínú ìwé kẹta, ó tú nǹkan kúrò lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ kí ó má baà lè lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ìyàwó wa padà wá, mo bi í pé, "Bí ọkọ rẹ bá tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ kí o má baà lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ ní Ìsẹ̀, ṣé ìfẹ́ ni ìwọ yóò pè é?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì dákẹ́.

Ìtàn yìí kò ṣàjèjì sí wa. Nínú ìwé tí Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, tẹ̀ jáde ní ọdún 1952, ọmọbìnrin kan rí arẹwà ọkùnrin lọ́jà, ó sì tẹ̀ lé e. Ọkùnrin náà ní kí ó padà, ó kọ̀. Nígbà tí wọ́n dé inú igbó, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹ̀yà ara tí ó yá padà fún àwọn tí ó ni wọ́n, títí ó fi ku agbárí nìkan. Edward náà kìlọ̀ fún Bella, òun náà kò gbọ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ìtàn tiwa ń kọ́ ọmọbìnrin pé kí ó bi àlejò léèrè ọ̀rọ̀ kí ó tó tẹ̀ lé e; ìwé àwọn ará òkè òkun yìí ń sọ fún un pé bí ewu bá ti pọ̀ tó ni ìfẹ́ ṣe dùn tó. Ohun tí ó já mi kulẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ mìíràn láti ilé. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, àgbà agbẹ́gilére nì, gbẹ́ òpó sí ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ láàárín ọdún 1910 sí 1914. Ọ̀kan nínú wọn wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Chicago lónìí. Ọba jókòó, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ga jù ú lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lára ìtẹ́. Kì í ṣe obìnrin tí ń kú lọ nítorí ọkùnrin ni Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́. Obìnrin tí ó dúró gbọn-in ni.

Síbẹ̀, n kò bú ìyàwó wa. Mo bi í ní ohun tí ó wù ú nínú ìwé náà gan-an. Ó ronú títí, ó ní, "Màmá, Edward máa ń wò ó lójú bí ó bá ń sọ̀rọ̀." Nígbà náà ni ó yé mi. Kì í ṣe amùjẹ̀ ni ó wù ú. Ebi ọ̀rọ̀ dídùn ni ó ń pa á. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀. Ilẹ̀ a ti ṣú kí ó tó wọlé, a jẹun, a sì sùn. Mo ní kí ó má fi ọkọ rẹ̀ wé ẹnikẹ́ni, kí ó kàn sọ ohun tí ó ń fẹ́ ní gbangba, nítorí pé ẹnu ẹni ni a fi í kọ "mo fẹ́". Ó sọ fún un. Ọkùnrin náà kò di Edward o, ṣùgbọ́n ó ti ń jókòó tì í báyìí lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, tí ó ń béèrè bí ọjọ́ ti rí.

Ẹ̀yin ìyá, bí ọmọbìnrin yín bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wálé, ẹ má ṣe fà á ya. Ẹ bá a kà á, kí ẹ sì bi í pé: Ṣé ọkùnrin yìí ń jẹ́ kí obìnrin náà sùn ní àlàáfíà? Ṣé ó ń jẹ́ kí ó rí ọ̀rẹ́ àti ẹbí rẹ̀? Bí ó bá lọ, ṣé nǹkan kan yóò kù lára obìnrin náà? Ẹ̀yin náà, ẹ bi ara yín bẹ́ẹ̀ nínú ilé yín. Àlọ́ ni àlọ́ ń jẹ́. A kì í fi í tọ́ ilé.

Ó di oṣù tí ń bọ̀. Kí Ọlọ́run bá wa dá ilé sí.