ÀLỌ́ TÍ Ó WÀ NÍNÚ OǸKÀ WA

Ní ọ̀sẹ̀ yìí a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa eré kan tí kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni, tí kì í dá ìjà sílẹ̀, tí ọmọdé àti àgbà sì lè jọ ṣe: èyí nì ni àlọ́ ìṣirò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìṣirò kò ní ibùgbé mìíràn ju ilé ìwé lọ, níbi tí pátákó àti ẹgba wà. Ṣùgbọ́n ní àárín Ìbàdàn àtijọ́, láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, láti ẹsẹ̀ òkè Mápó dé Bẹyẹrúnkà, àwa àti àwọn ọ̀rẹ́ wa a máa fi í ṣe eré alẹ́.

Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é kò ṣòro. Nígbà tí a bá jẹun tán, tí a sì jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹnì kan yóò pa àlọ́, àwọn ìyókù yóò sì máa gbìyànjú láti já a. Òfin wa kò ju méjì lọ: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lo ìwé tàbí fóònù, Yorùbá ni a ó sì fi dáhùn. Òfin kejì yìí ni ó le jù, òun náà ni ó sì dùn jù, nítorí pé nínú èdè wa orúkọ iye fúnra rẹ̀ jẹ́ àlọ́.

Ẹ wo márùndínláàádọ́ta, èyí tí a ń kọ báyìí: 45. Ẹni tí ó bá pè é ti ṣe ìṣirò mẹ́ta kí ó tó pa ẹnu dé. Ó ti mú ogún ní ọ̀nà mẹ́ta, ó di ọgọ́ta. Ó ti yọ mẹ́wàá kúrò nínú ọgọ́ta, ó ku àádọ́ta. Ó sì tún ti yọ márùn-ún kúrò nínú àádọ́ta. Ọmọ ayò inú ọpọ́n, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò méjìlá, jẹ́ 48. Méjìdínláàádọ́ta ni a ń pè wọ́n, nítorí náà ẹni tí ó ń ta ayò ti yọ méjì kúrò nínú àádọ́ta kí ó tó fi ọwọ́ kan ọmọ ayò. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tí ó le díẹ̀ sí i, ẹ mú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, 525. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹgbẹ̀ta, ẹ yọ ọgọ́rùn-ún kúrò, ẹ fi ọgbọ̀n lé e, kí ẹ sì yọ márùn-ún kúrò nínú ọgbọ̀n náà.

Ẹnì kan lè béèrè pé, kí ni ó dé tí a fi ń fi kún un, tí a sì ń yọ kúrò tó bẹ́ẹ̀? Adolphus Mann, òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Ìjàyè, kọ àlàyé kan jáde ní ọdún 1887 nípa oǹkà Yorùbá, ó sì tọ́ka sí kíka owó ẹyọ. Ẹni tí ń ka owó yóò jókòó ti òkìtì ẹyọ, yóò máa fà á sọ́tọ̀ ní márùn-ún márùn-ún títí yóò fi di ogún. Ogún márùn-ún yóò di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì yóò sì di igba. Nígbà tí a bá sín in, ogójì ẹyọ ni ó wà lórí okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Samuel Johnson pẹ̀lú, ẹni tí ó ti jẹ́ olùkọ́ ìjọ ní Àrẹ̀mọ ní Ìbàdàn níhìn-ín, ya àyè sọ́tọ̀ fún oǹkà nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921.

Láti inú owó ẹyọ yìí ni a ti pa àlọ́ kan tí àwọn ọ̀rẹ́ wa fẹ́ràn. Obìnrin kan gbé okùn owó díẹ̀ jáde nílé, ó gba Bẹẹrẹ lọ sí Ọjà'ba. Ní Bẹẹrẹ ó ná ìdajì owó rẹ̀, ó sì ná okùn kan lé e. Ní ẹsẹ̀ òkè Mápó ó ná ìdajì èyí tí ó kù, àti okùn kan lé e. Ní Ọjà'ba ó tún ná ìdajì èyí tí ó kù, àti okùn kan lé e, owó sì tán lọ́wọ́ rẹ̀. Okùn mélòó ni ó gbé jáde? Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti Bẹẹrẹ yóò rìn jìnnà. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti Ọjà'ba, tí ó sì ń padà bọ̀, ni yóò tètè dé ilé. Nígbà tí ó dé Ọjà'ba, okùn méjì ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó dé Mápó, mẹ́fà. Nígbà tí ó dé Bẹẹrẹ, mẹ́rìnlá. Okùn mẹ́rìnlá sì jẹ́ òjìdínlẹ́gbẹ̀ta ẹyọ, 560, èyí tí í ṣe ẹgbẹ̀ta ó dín ogójì. Bí a ti já àlọ́ kan tán ni òmíràn tún yọjú.

Àlọ́ kejì jẹ́ ti ọjọ́ ọjà. Ọjà kan wà tí a ń ná ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Bí ó bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú ní ọ̀sẹ̀ yìí, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó ni yóò tún bọ́ sí ọjọ́ Àìkú? Ẹni tí ó bá sáré mú márùn-ún ní ọ̀nà méje, tí ó sì wí pé márùndínlógójì, àlọ́ ti gbé e. Nínú ìṣirò àwọn baba wa, ọjọ́ tí a ná ọjà lónìí wà nínú kíkà, ọjọ́ tí a ó tún ná an sì wà nínú kíkà pẹ̀lú. Nítorí náà ìrìn ọjọ́ mẹ́rin ni ó wà láti ọjà kan dé èkejì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìtàdógún: mẹ́tàdínlógún ni orúkọ rẹ̀ ń sọ, ṣùgbọ́n ìrìn ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni, èyí tí í ṣe mẹ́rin ní ọ̀nà mẹ́rin. Ìdáhùn àlọ́ náà, nígbà náà, ni ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, 28, tí í ṣe mẹ́rin ní ọ̀nà méje.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé eré lásán ni èyí, kí ó gbọ́ àlọ́ kẹta. Ìyá kan tí ń tajà ń dá àjọ igba náírà lójoojúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́. Àdéhùn ni pé alájọ yóò mú owó ọjọ́ kan fún iṣẹ́ rẹ̀. Èló ni yóò bọ́ sọ́wọ́ ìyá ní òpin oṣù? Igba ní ọ̀nà ọgbọ̀n jẹ́ ẹgbàáta, ₦6,000. Nítorí náà, ẹgbàáta ó dín igba ni yóò gbà, ₦5,800. Ẹ tún un gbọ́: ó dín igba. Owó alájọ wà nínú orúkọ iye náà ní gbangba. Ọjọ́ tí ó sì jẹ́ ti ìyá jẹ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ọjọ́ alájọ, ọ̀kan tí ó dín nínú ọgbọ̀n, wà nínú orúkọ yìí náà. Ẹni tí ó bá fi èdè Gẹ̀ẹ́sì pe iye yìí gbọ́ ohun tí ó kù. Ẹni tí ó bá fi Yorùbá pè é gbọ́ ohun tí ó kù, ó sì tún gbọ́ ohun tí ó lọ.

Ìdí tí a fi kọ ọ̀rọ̀ yìí ni èyí. A rí ọmọ kan ní Ọjà'ba, ọmọ tí ó mọ ìwé, tí a rán wá ra ata. Ìyá àgbà tí ń ta ata wí fún un pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà ni. Ọmọ náà gbọ́ ìparí ọ̀rọ̀, kò gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ka ẹgbẹ̀rin náírà sílẹ̀. Ìyá àgbà dá ọgọ́rùn-ún padà fún un, ó sì rẹ́rìn-ín, nítorí pé olóòótọ́ ènìyàn ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìsọ̀ ni olóòótọ́ jókòó sí. Ọgọ́rùn-ún náírà náà kọ́ ni ó ká wa lára jù. Ohun tí ó ká wa lára ni pé ọmọ Ìbàdàn ni àwọn méjèèjì, èdè kan náà ni wọ́n fi kí ara wọn, síbẹ̀ nígbà tí ó di ọ̀rọ̀ owó, ọ̀kan kò gbọ́ ti èkejì mọ́.

A kò wí pé kí ọmọ má kọ́ oǹkà òyìnbó. Àwọn àgbà wa kò sá fún oǹkà tuntun. Wọ́n ti ka ẹyọ ní ogún ogún; nígbà tí owó òyìnbó dé, wọ́n kọ́ pé kọ́bọ̀ méjìlá ni ṣílè kan, àti pé ogún ṣílè ni pọ́n-ùn kan, wọ́n sì fi tọ́rọ́ àti sísì ṣòwò; nígbà tí náírà dé ní ọdún 1973, wọ́n tún kọ́ ọgọ́rùn-ún kọ́bọ̀ sí náírà kan. Wọ́n gba gbogbo rẹ̀, wọn kò sì sọ oǹkà ilé nù. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí àwọn ọmọ wa náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá, ẹ ya alẹ́ kan sọ́tọ̀ nínú ọ̀sẹ̀. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan pa àlọ́ ìṣirò kan láti inú ohun tí ó rí lọ́jọ́ náà: ọsàn inú agbọ̀n, owó ọkọ̀ láti Bẹẹrẹ, ọjọ́ tí ó kù kí ọdún tó dé. Ẹ má ṣe fi ẹni tí kò rí i já ṣe ẹlẹ́yà. Kí ẹni tí ó já a ṣàlàyé ọ̀nà tí ó gbà, kí gbogbo ilé lè gba ibẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn.

Kí a tó dágbére, ẹ gba èyí lọ sílé. Ìyá wa tún padà sọ́dọ̀ alájọ, igba náírà ni ó sì ń dá lójoojúmọ́ síbẹ̀. Oṣù kan jẹ́ ọlọ́jọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì jẹ́ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, alájọ sì mú igba náírà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nínú oṣù wo ni iṣẹ́ alájọ wọ́n ìyá jù, kí sì ni ìdí rẹ̀? Yorùbá ni kí ẹ fi dáhùn o.