Àpótí Ìbò Nínú Ilé-Ìwé: Ọjọ́ Kejì Ìdìbò Ni Mo Ń Béèrè

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí yóò bí àwọn olùkọ́ kan nínú. Yóò sì bí àwọn kan nínú ẹgbẹ́ tiwa náà nínú. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí n kò ní dárúkọ pe àwa òbí láti wá wo bí àwọn ọmọ wa yóò ṣe dìbò yan olórí kíláàsì. Olùkọ́ ní ẹ̀kọ́ ìjọba tiwa-n-tiwa ni. Wọ́n fi páálí ṣe àpótí ìbò, wọ́n fi ìró ìyá kan ta igun kan nínú kíláàsì, wọ́n sì ya àwòrán ẹyẹlé, àgbò àti àkùkọ sórí ìwé ìbò, nítorí ọmọ mẹ́ta ló ń du ipò náà. Àwọn ọmọ tò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ju ìwé sínú àpótí. Wọ́n ka ìbò sókè, gbogbo wa sì ń kà á tẹ̀lé wọn. Ó dùn ún wò, n kò ní purọ́.

Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ ni mo ti rí ọmọkùnrin tí ó wọlé náà lẹ́nu géètì, tí ó ń pín bọ́ńbọ́ọ̀nù fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún olùkọ́, ẹ̀rín ló rín. Ó ní, “Bàbá, ó ti mọ òṣèlú nìyẹn.” Ọmọbìnrin tí ó ṣe ipò kejì gbé orí lé tábìlì, ó ń sunkún, ohun kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni sọ fún un ni pé kí ó dákẹ́ kí wọ́n lè ya fọ́tò. Kò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn náà tí mo bi ọmọ mi pé kí ni olórí kíláàsì wọn ń ṣe. Ó ní olùkọ́ ti yọ ọ́, ó ti fi ẹlòmíràn sí i. Ṣé ẹni tí ó ṣe ipò kejì ni? Rárá, ẹni tí ó wu olùkọ́ ni. Kí ni kíláàsì wí sí i? Ọmọ náà wò mí bí ẹni tí ìbéèrè náà kò yé.

Ẹ wo ohun tí ilé-ìwé náà kọ́ wọn. Wọ́n kọ́ wọn pé ìbò ní iye tí a ń rà á, pé ẹni tí kò wọlé ti tán nìyẹn, pé ẹni tí ó wọlé kò ní iṣẹ́ kankan lọ́wọ́, àti pé àgbà kan wà lókè gbogbo wọn tí ó lè pa ìbò wọn rẹ́ láìsọ ìdí. Èmi kò lè pe èyí ní ẹ̀kọ́ ìjọba tiwa-n-tiwa. Ẹ̀kọ́ ìtẹríba fún ẹni tí ó lágbára ni. Aṣọ ìbò ni wọ́n kàn dà bò ó.

Kì í sì í ṣe ojú rere ni a ń tọrọ. Abala 40 nínú Òfin-ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, èyí tí a gbé jáde ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990, sọ ọ́ di ọ̀ranyàn fún ìjọba láti máa kọ́ àwọn ènìyàn ní Òfin-ìpìlẹ̀ náà, kí ó sì fi ẹ̀kọ́ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn sínú ètò ilé-ìwé. Abala kan náà ní kí a fi àwọn èdè orílẹ̀-èdè wa tan ẹ̀kọ́ náà kálẹ̀ lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ìdìbò tí mo wò yẹn, Faransé ni wọ́n fi ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn ọmọ tí ń fi Nàgó bá ara wọn jà, tí wọ́n sì ń fi Nàgó parí ìjà, ni wọ́n ní kí wọ́n fi èdè ìwé ṣe ìlérí fún ara wọn. Ìlérí tí wọ́n há sórí ni wọ́n kà, kò sí èyí tí ó yé ẹni tí ó ń ṣe é nínú wọn.

Bí a bá fẹ́ kọ́ wọn ní òtítọ́, ìtàn ilẹ̀ yìí tó wa lò. Láti ọjọ́ 19 dé ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1990, àpérò orílẹ̀-èdè jókòó ní Kútọ́nù, Bíṣọ́ọ̀bù-àgbà Isidore de Souza sì ni alága rẹ̀. Mathieu Kérékou, tí ó ti wà lórí àga láti 1972, gba ohun tí àpérò náà sọ. Ní 1991 ó du ipò ààrẹ, Nicéphore Soglo sì borí rẹ̀. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ sílé. Ní 1996 ó padà wá, ó gba ẹnu ọ̀nà ìbò wọlé, Soglo náà sì jáde. Ohunkóhun tí a lè sọ sí àwọn ọkùnrin méjèèjì, àwọn méjèèjì mọ bí a ti ń fìdí rẹmi. Ẹ̀kọ́ tí ọmọbìnrin tí ń sunkún yẹn nílò nìyẹn, kò sì sí olùkọ́ tí ó sọ ọ́ fún un.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ti ń mi orí báyìí. Wọ́n ń sọ lọ́kàn wọn pé, “A kúkú ti wí bẹ́ẹ̀. Ohun àjèjì ni ìbò. Ẹ jẹ́ kí á kó o kúrò nílé-ìwé, kí á fi ìtàn ọba rọ́pò rẹ̀.” N kò bá yín lọ síbẹ̀.

Lóòótọ́ ni pé ààfin ní ohun tí ó lè kọ́ ilé-ìwé. Ìdílé ọba márùn-ún ni ó wà ní Kétu: Alápìínni, Magbo, Aro, Mesa àti Mefu. Oyè ń yí ká láàárín wọn. Alákétu kò lè sọ pé kí ọmọ òun jókòó sórí ìtẹ́ lẹ́yìn òun. Bí ọba bá wàjà, ìdílé mìíràn ló kàn. Ẹ ro ohun tí ìyẹn ń béèrè lọ́wọ́ ìdílé mẹ́rin tí kò kàn. Wọ́n ń dúró. Ọmọ tí a bí nígbà tí ìdílé rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tán lè dàgbà, kí ó darúgbó, kí ó sì kú, kí ìyípo náà má tíì padà dé ọ̀dọ̀ wọn. Síbẹ̀ wọ́n ń wá sí ààfin, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe tiwọn, wọn kò sì fi ìlú sílẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Dàhómì kó Kétu ní 1886, ìlú di ahoro. Nígbà tí a tún ìlú tẹ̀ dó ní 1894, tí Alákétu sì tún gorí ìtẹ́, ètò ìdílé márùn-ún náà bá wọn padà.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí á parọ́ fún àwọn ọmọ. Wọn kò ju ìwé sínú àpótí láàfin rí. Àlejò kò ní ohùn nínú ẹni tí yóò jọba, ẹrú kò ní i. Ọmọbìnrin wa tí ó du ipò olórí kíláàsì kò ní du oyè Alákétu láéláé. Ìlú wo nínú àwọn ìlú wa ni kò sì tíì rí àríyànjiyàn oyè tí ó da ẹbí rú? Bí a bá sọ fún ọmọdé pé ìjọba tiwa-n-tiwa ni gbogbo rẹ̀, yóò dàgbà, yóò rí i pé irọ́ ni, kò sì ní gba èyí tí ó jẹ́ òtítọ́ lẹ́nu wa mọ́. Nígbà tí mo gbọ́ pé olùkọ́ yọ olórí kíláàsì, kì í ṣe Alákétu ni mo rántí. Àwọn aláṣẹ Faransé ni mo rántí, tí wọ́n ń fi ẹni tí ó wù wọ́n ṣe olórí kántọ́ọ̀nù, tí wọ́n sì ń yọ ọ́ nígbà tí ó bá wù wọ́n.

Yíyí oyè ká nìkan kò sì tó. Ní 1970, Hubert Maga, Justin Ahomadégbé àti Sourou-Migan Apithy ọmọ Àjàṣẹ́ fohùn ṣọ̀kan pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò máa ṣe ààrẹ ní ọdún méjì méjì. Maga lo tirẹ̀ tán, ó gbé e fún Ahomadégbé ní oṣù karùn-ún ọdún 1972. Kò tó oṣù mẹ́fà, sójà gba ìjọba, Kérékou sì di olórí. Apithy kò kàn án mọ́. Ètò náà jọ ti Kétu lójú, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá mẹ́ta ló bá ara wọn ṣe é. Ará ìlú kò rí i bí tiwọn, ẹnì kankan kò sì jà fún un.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń ká mi lára kò jìnnà. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2019, a dìbò yan àwọn aṣòfin láìsí ẹgbẹ́ alátakò kankan lórí ìwé ìbò. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ìjà bẹ́ láàárín ará ìlú àti agbófinró ní Ṣábẹ àti ní Tchaourou. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, nínú ọ̀sẹ̀ ìdìbò ààrẹ, wọ́n dí títì ní Ṣábẹ, ìbọn dún, ẹ̀mí sì bọ́. Àwọn ọmọdé wà nílé tí wọ́n ń gbọ́ ọ. Ọmọ tí ó pé ọdún mẹ́wàá ní 2019 yóò pé méjìdínlógún ní 2027, yóò sì ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Kí ni yóò mú lọ síbi àpótí? Bọ́ńbọ́ọ̀nù, tàbí ìró ìbọn?

Ohun tí mo ń béèrè kò gba owó. Kí ọmọ tí wọ́n bá yàn ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́: omi inú kíláàsì, ètò ẹni tí yóò gbálẹ̀, bí wọn yóò ṣe tò fún oúnjẹ ọ̀sán. Ní ìparí oṣù, kí ó dúró níwájú àwọn tí ó yàn án, kí ó fi Nàgó sọ ohun tí ó ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Kí ẹni tí ó ṣe ipò kejì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò bi í ní ìbéèrè, kí ó lè mọ̀ pé iṣẹ́ wà fún ẹni tí kò wọlé. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ ọ́, kí àwọn tí ó yàn án ni yóò yọ ọ́, kí olùkọ́ sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ó bá pín bọ́ńbọ́ọ̀nù, kí wọ́n jókòó lé e lórí títí gbogbo kíláàsì yóò fi mọ ìdí tí kò fi dára. Èyí yóò gba àkókò ju ìdìbò fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn olùkọ́ yóò ní ọmọ pọ̀ jù nínú kíláàsì, àti pé ọmọdé kò tíì gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa ni a ń sọ níbi ìpàdé pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nígbà wo ni a ń retí àti fi ti ọmọdé kún un?

Ní ti ẹgbẹ́ wa, kí á rán àgbà kan láti inú ìdílé tí oyè kò tíì kàn lọ sí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan tí ó bá gbà wá. Kì í ṣe láti lọ ki oríkì. Oríkì kò wọ́n lẹ́nu wa. Kí ó lọ sọ fún wọn bí a ti ń dúró, àti ohun tí a ń ṣe nígbà tí a bá ń dúró.

Ọmọbìnrin tí ó gbé orí lé tábìlì lọ́jọ́ náà ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì báyìí. Mo pàdé rẹ̀ lọ́nà ọjà ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ó kúnlẹ̀ kí mi, mo sì bi í bóyá ó ti tún du ipò olórí kíláàsì. Ó ní, “Rárá o, bàbá. Ẹni tí ó bá wu ọ̀gá náà ni wọn yóò fi síbẹ̀.”