Ẹ Má Fi Ìtẹ́lọ́rùn San Owó Oṣù Wa

"Èrè olùkọ́ ń bẹ lọ́run." Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá kan tí wọn kò tíì sọ ọ́ sí létí rí. Ní báyìí tí àwọn kan nínú àwọn tó ṣáájú wa jáde ti ń wá ọ̀nà lọ sí Thailand, Vietnam àti Ṣáínà láti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ náà ti di pàṣán. Wọ́n ní owó ló wọ̀ wọ́n lójú. Wọ́n ní ẹni tó gboyè nínú èdè Yorùbá, tó wá lọ ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì nílẹ̀ òkèèrè, ti ta ogún baba rẹ̀. Wọ́n ní ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, pé ẹni tó bá ń ka owó kò lè rí ayọ̀ níbẹ̀.

Àwa kò gbà. Ẹ̀yin àgbà tó ti jáde, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tiwa. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tí ẹ ti ń wá físà, ẹ̀yin náà ẹ dúró, nítorí ọ̀rọ̀ yìí yóò kàn yín kó tó parí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní oṣù keje ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Ìpínlẹ̀ Ògùn ní òun yóò san ₦77,000. Ẹ ṣẹ́ ẹ sí dọ́là, kò tó 60. Olùkọ́ ìjọba tó ní dígírì ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba kì í gbani síṣẹ́ lójoojúmọ́. Ilé ìwé aládàáni ni ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ bá ara wa, ẹni tó bá sì ti ṣe é rí mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò san tó iye tí òfin wí. Ẹ wá gbé irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sí Àbígí tàbí Ìwòpin ní Ògùn Waterside. Kó yọ owó ilé, kó yọ owó ọkọ̀, kó yọ owó dátà tó fi ń wá ohun tí yóò kọ́ àwọn ọmọ. Kí ló kù tí yóò fi jẹun? Àwọn baba wa ló sọ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìtẹ́lọ́rùn náà wà lára ọ̀rọ̀ mìíràn yẹn.

Irọ́ gbáà sì ni pé ẹni tó tìtorí owó kọjá òkun kò lè kọ́ni dáadáa. Ẹ bi àwọn òbí yín tó lọ sí ilé ìwé girama ní nǹkan bí ọdún 1976 sí 1983. Ìjọba àpapọ̀ ti dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ ní 1976. Nígbà tí UPN gba ìjọba ní 1979, tí Olóyè Olabisi Onabanjo di gómìnà wa níhìn-ín, ẹ̀kọ́ girama náà di ọ̀fẹ́. Ọmọ pọ̀ ju olùkọ́ lọ. Àwọn wo ló wá kọ́ wọn? Àwọn ará Ghana, Íńdíà, Pakistan àti Philippines. Éṣíà ló wá kọ́ wa nígbà náà! Ṣé ìfẹ́ amàlà ló gbé wọn wá ni? Owó epo ló ń dún, náírà sì níyì. Síbẹ̀ títí dòní ni àwọn òbí wa ń fi orúkọ wọn yangàn, pé àwọn ló là wọ́n lójú nínú ìṣirò àti físíìsì. Nígbà tí a lé àwọn ará Ghana ní 1983, tí náírà sì ṣubú lẹ́yìn 1986, ọ̀pọ̀ àwọn yòókù kẹ́rù wọn. Ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ olùkọ́. Kí ló dé tó fi di ẹ̀ṣẹ̀ nígbà tó kan àwa?

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Owó tí ẹ ń rí lórí fóònù kì í ṣe tiyín gbogbo rẹ̀. Ní Gúúsù Kòríà, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè gba mílíọ̀nù 2 wọ́ọ̀nù lóṣù, ìyẹn ju 1,300 dọ́là lọ, ó sì sábà máa ń ní ilé nínú. Àmọ́ orílẹ̀-èdè méje ni físà wọn kà sí elédè Gẹ̀ẹ́sì: Amẹ́ríkà, Bìrìtéènì, Kánádà, Ireland, Ọsirélíà, New Zealand àti Gúúsù Áfíríkà. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Ọmọ Kánádà tó ka ìmọ̀ ẹja pípa lè wọlé. Ìwọ tó fi ipò kìn-ín-ní jáde nínú ẹ̀kọ́ èdè yóò dúró síta. Ní Ṣáínà, ìlànà ìwé àṣẹ iṣẹ́ ti 2017 ní kí àjèjì tí yóò kọ́ni lédè máa kọ́ni ní èdè abínibí rẹ̀. Ní Thailand àti Vietnam, ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ní kí ẹni tí wọn kò kà sí elédè abínibí kọ́kọ́ mú ìwé ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì wá.

Ohun tó wà nídìí èyí ni pé ìwé ìrìnnà ni wọ́n ń sanwó fún, kì í ṣe ìmọ̀. Ibẹ̀ sì ni ìtẹ́lọ́rùn ti ń jò dànù. Ta ni inú rẹ̀ máa dùn síbi tí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ tó o ti ń gba owó jù ọ́ lọ nítorí ibi tí wọ́n bí i sí?

Ohun tó dùn wá jù ni pé iṣẹ́ náà ba àwa mu gan-an. Ohùn mẹ́ta ni Yorùbá ní. Ti Ṣáínà jẹ́ mẹ́rin, ti Thailand márùn-ún, ti Vietnam sì jẹ́ mẹ́fà ní apá àríwá wọn. Gẹ̀ẹ́sì kò lo ohùn bẹ́ẹ̀ láti ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Ọmọ Bangkok tó ń gbé ohùn lé sílébù kọ̀ọ̀kan ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìṣòro tí àwa náà là kọjá ló ń bá jà, a sì ti fi ọdún mẹ́rin kọ́ bí a ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀. Ta ló tún yẹ kó kọ́ ọmọ yẹn bí kì í bá ṣe àwa?

Wọ́n á ní, "Bí gbogbo yín bá lọ, ta ni yóò kọ́ àwọn ọmọ tiwa?" Ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n àwa kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ bi. Láti 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa darí ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn pé ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Inú wa dùn, a rò pé iṣẹ́ dé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e. Ìjọba tó sọ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló wúlò ní kíláàsì kò lẹ́nu láti bá wa wí pé a lọ ta Gẹ̀ẹ́sì níbi tí wọ́n ti ń rà á.

Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ nìyí. Kí ìjọba san owó tí olùkọ́ lè fi gbé ìlú tó ti ń kọ́ni, kó sì fi owó kún un fún ẹni tó bá gbà láti lọ sí etí ọ̀sà. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ní ilé ìwé aládàáni, kí ẹ tó wàásù ìfẹ́ iṣẹ́ fún wa, ẹ wo ìwé owó oṣù yín ná. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, kí ẹ tó fi owó lé aṣojú kankan lọ́wọ́, ẹ bi í léèrè: irú físà wo ni? Ta ló kọ orúkọ sí ìwé àdéhùn? Èló ni wọ́n ń san fún olùkọ́ tó wá láti Bìrìtéènì ní ilé ìwé kan náà? Bó bá ní kẹ́ ẹ fi físà ìbẹ̀wò wọlé lọ ṣiṣẹ́, ẹ sá. Bí ọwọ́ òfin bá tẹ̀ yín, ẹ̀yin ni wọn yóò dá padà, òun yóò ti máa ná owó yín ní tirẹ̀.

Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Owó ni apá kan, ayọ̀ iṣẹ́ ni èkejì. Ẹni tó bá ti ṣẹ́ apá kan olùkọ́ nílé, kó yé bínú sí i pé ó ń wá ibi tí yóò ti fò.