Ẹ Jẹ́ Kí Kọ̀ǹpútà Ilé Yín Sùn

Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí wọ́n rà ní Otigba, tí wọ́n gbé kọjá afárá wá sí Ìsàlẹ̀ Èkó, kì í sábà mọ oorun. Ẹni tó fi Windows sí i ti yí ètò oorun rẹ̀ sí Never, tàbí kí ẹni tó rà á fúnra rẹ̀ yí i, torí wọ́n gbà pé iná Èkó ò ṣeé fọkàn tẹ̀: bí ẹ̀rọ bá ń sùn tí NEPA sì múná lọ, iṣẹ́ ti dànù nìyẹn. Ẹ̀rù yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó lajú sílẹ̀ ńkọ́? Bí iná bá lọ, iṣẹ́ tiẹ̀ náà dànù. Àìsùn ò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ NEPA, owó lásán ló ń jẹ.

Oorun tí Windows ń pè ní Sleep ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ sínú RAM, RAM kì í sì í rántí nǹkan kan bí iná bá já. Ìdí nìyẹn tó fi ń fa iná díẹ̀díẹ̀ bó ti ń sùn. Hibernate yàtọ̀: ó ń kó gbogbo iṣẹ́ sórí dísìkì, kó tó pa ara rẹ̀ pátá. Kí iná má dé fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ dé ìdajì ò ní kúrò níbi tẹ́ ẹ fi í sí. Èyí tó wá bá ará Èkó mu jù ni Hybrid sleep, tí Windows ṣe fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Ó ń kó iṣẹ́ sórí dísìkì, ó sì tún ń fi í sílẹ̀ sínú RAM. Bí iná bá wà, ó jí lójú ẹsẹ̀. Bí iná bá ti lọ, á lọ gbé iṣẹ́ lórí dísìkì nígbà tí iná bá dé.

Ká wá ṣírò owó. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì àti ojú rẹ̀ (monitor) lè máa jẹ 60 watt láìṣe iṣẹ́ kankan. Bó bá wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 8 lálaalẹ́, yúníìtì 14.4 ló jẹ lóṣù. Ní iye tí wọ́n gbé iná Band A lé ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìyẹn náírà 225 fún yúníìtì kan, náírà 3,240 nìyẹn. Ẹnì kan á ní kí ni 3,240 níwájú fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù. Òótọ́ ni pé kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àmọ́ fíríìjì ń tọ́jú ẹja; kí ni kọ̀ǹpútà tó lajú sílẹ̀ lóru ń tọ́jú? Iná NEPA sì nìyẹn o. Bátìrì ínfátà 12 volt, 200Ah, lè gba 2,400 watt-wákàtí, bó bá sì jẹ́ ti ásíìdì, kò yẹ kéèyàn lò ju ìdajì rẹ̀ lọ bó bá fẹ́ kó pẹ́. Watt-wákàtí 480 tí kọ̀ǹpútà yìí jẹ lóru kan ti lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta ìdajì ọ̀hún, fáànù ló sì ń jìyà rẹ̀. Ti jẹnẹrétọ̀, láti ìgbà tí ìrànwọ́ orí epo ti lọ lóṣù karùn-ún ọdún 2023, mi ò rò pé ó yẹ ká ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣírò ìyẹn.

Àwọn kan ń fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ torí dátà òru tó dínwó. Kò burú: ẹ fi í sílẹ̀ lóru ọjọ́ náà, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ojú rẹ̀ kú, torí ọ̀tọ̀ ni ètò ojú, ọ̀tọ̀ ni ti oorun. Ẹjọ́ àwọn tí Sleep ti pòórá lórí ẹ̀rọ wọn ló le díẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, driver káàdì àwòrán ni wọn ò fi sí i nígbà tí wọ́n tún Windows ṣe. Bó bá ti wọlé, Sleep á padà. Hibernate ní tirẹ̀, láti Windows 8 ni Microsoft ti fi í pamọ́: ẹ wọ Power Options nínú Control Panel, ẹ tẹ Choose what the power buttons do, ẹ ṣí ètò tó wà ní títì níbẹ̀, kẹ́ ẹ fàmì sí Hibernate. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti dàrú, àṣẹ powercfg -restoredefaultschemes á dá a padà sí ti àtilẹ̀wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé á pa ètò tẹ́ ẹ fúnra yín ṣe rẹ́. Síbẹ̀, kò yẹ kó jẹ́ oníbàárà ni yóò máa wá èyí kiri. Ẹni tó fi Windows sí i ló yẹ kó fi hàn án pé ẹ̀rọ náà ń sùn, ó sì ń jí, kó tó gbowó.