Àjẹsílẹ̀ Owó Ọmọ Kì Í Dúró De Ẹnikẹ́ni

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń sọ fún obìnrin tí òun àti bàbá ọmọ rẹ̀ ti pínyà ní Ìlú Ọba. A ó ní kó fara balẹ̀. A ó ní, "Má pe bàbá ọmọ ẹ lẹ́jọ́ o. Ṣebí ẹ ti jọ ṣàdéhùn? Bí kò bá san án lóṣù yìí, máa kọ ọ́ sílẹ̀, gbèsè ni. Ogún ọdún ń bọ̀ wá dọ̀la, yóò san gbogbo ẹ̀." Ìyá ń sọ ọ́ fọ́mọ, pásítọ̀ ń sọ ọ́, àfáà ń sọ ọ́, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú náà kò gbẹ́yìn. Àwọn tó ń sọ ọ́ kò gbèrò ibi. Àmọ́ irọ́ ni, irọ́ náà sì ń gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ.

Owó tí bàbá bá jẹ sílẹ̀ lábẹ́ àdéhùn ẹnu kì í kó jọ níbì kankan lójú àwọn tó ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ fún ìjọba. Kò sí ìwé tí wọ́n ń kọ ọ́ sí, kò sì sí òṣìṣẹ́ kankan tí yóò lọ bá ẹ gbà á wá. Oṣù tó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn.

Láti ìgbà tí òfin Child Support Act ti jáde ní 1991 ni ìjọba ti là á kalẹ̀ pé òbí tí kò bá ọmọ gbélé gbọ́dọ̀ gbọ́ bùkátà rẹ̀. Child Support Agency, tí wọ́n ń pè ní CSA, ló kọ́kọ́ ń mú òfin náà ṣẹ láti 1993. Child Maintenance Service, tí gbogbo èèyàn ń pè ní CMS, ni wọ́n dá sílẹ̀ ní 2012 láti rọ́pò rẹ̀. Òfin fi àyè sílẹ̀ kí bàbá àti ìyá jókòó, kí wọ́n fẹnu kò sí iye tó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, láìsí ẹni tó dá sí i. Ìyẹn dára, bí owó bá ń wọlé. Ṣùgbọ́n ìjọba kan náà sọ ọ́ gbangba pé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò ní agbára òfin. Bí bàbá bá dáwọ́ dúró, tí ìyá wá gba ọ̀dọ̀ CMS lọ, wọn kò ní bá a gba ohun tí bàbá ti jẹ sẹ́yìn. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi tó bàbá létí pé ìyá ti kọ̀wé wá ni ìṣirò bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ṣáájú ọjọ́ náà kò kàn wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká sọ pé £400 ni bàbá kan ń gbà lọ́sẹ̀ kí wọ́n tó yọ owó orí, ọmọ kan ló bí, ọmọ náà kì í sì í sùn lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìdá 12 nínú 100 ni òfin bù fún ọmọ kan: £48 lọ́sẹ̀ nìyẹn. Bí ọmọ bá jẹ́ méjì, ìdá 16 ni, £64. Ìyá ọmọ kan tó bá fi ọdún kan péré ṣe sùúrù ti pàdánù £2,496. Bó bá fi ọdún mẹ́ta ṣe é, £7,488 ni. Iṣẹ́ alẹ́ tó ń ṣe nílé ìtọ́jú arúgbó ló fi ń dí àlàfo yẹn, nígbà tí ọmọ ń sùn nílé aládùúgbò. Ogún ọdún tí a sì ń sọ pé ó ń bọ̀ yẹn, ẹ̀tọ́ ọmọ ti tán kó tó dé. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ni owó yìí wà fún, tàbí èyí tí kò tíì pé 20 tó ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ tí kò tíì tó ti yunifásítì.

Mo mọ ohun tí wọ́n á fi dáhùn: a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, àmọ́ ta ló ń lọ sí kóòtù? CMS kì í ṣe kóòtù. Ẹ kò ní rí adájọ́ níbẹ̀, ẹ kò sì ní gba lọ́yà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń kọ̀wé sí i, tàbí lórí fóònù. £20 tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó gbà ẹ́ wọlé, wọ́n ti fagi lé e láti oṣù Kejì 2024. Ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ owó orí ni wọ́n ti ń wo iye tó ń wọlé fún bàbá, nítorí náà kò sídìí tí ìyá fi gbọ́dọ̀ máa bá a jà lórí iye owó oṣù rẹ̀. Kò tiẹ̀ pọn dandan kí àwọn méjèèjì ríra. Obìnrin tó ń bẹ̀rù pé bàbá ọmọ lè wá a dé ilé lè lo àkáǹtì báǹkì tí kò ní fi àdúgbò rẹ̀ hàn. Bàbá pàápàá lè kọ̀wé síbẹ̀ fúnra rẹ̀, bó bá fẹ́ kí wọ́n ṣírò iye tó tọ́ sí i láti san.

Àwọn ìyá kan ń bẹ̀rù pé bí owó yìí bá ń wọlé, ìjọba yóò dín owó ìrànwọ́ Universal Credit wọn kù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọn kì í ka owó ìtọ́jú ọmọ mọ́ owó tó ń wọlé nínú ìṣirò yẹn.

Ẹ wá fetí sí èyí dáadáa, torí ó ń mú àwọn tó ti kọ̀wé sí CMS pàápàá. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní Direct Pay: CMS yóò ṣírò iye owó, bàbá yóò sì máa fi ránṣẹ́ tààrà sí ìyá. CMS kò rí owó náà, kò sì mọ̀ bí kò bá wọlé. Bí bàbá bá fo oṣù kan, tí ìyá ṣe ojú àánú, tí kò sọ, lójú CMS ó ti san án. Bí ìyá bá wí, wọ́n lè gbé ọ̀rọ̀ náà sí Collect and Pay, níbi tí CMS fúnra rẹ̀ ti ń gba owó. Wọ́n lè ní kí ọ̀gá ibi iṣẹ́ bàbá máa yọ ọ́ nínú owó oṣù. Wọ́n lè yọ ọ́ ní báǹkì. Bó bá di ọ̀ràn agídí, wọ́n lè lọ sí kóòtù kí wọ́n gba ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ tàbí ìwé ìrìnnà rẹ̀. Bí ọmọ bá sì ti dàgbà, àjẹsílẹ̀ tó wà lórí ìwé CMS kò parẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín gbèsè yìí àti ti àdéhùn ẹnu nìyẹn.

CMS ní àbùkù o. Bàbá tó ń dáṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe, tó ń gba owó lọ́wọ́-lọ́wọ́, lè fi púpọ̀ pa mọ́. Ìyá lè máa pè wọ́n títí kí wọ́n tó dá a lóhùn. Ní 2018 pàápàá, ìjọba ṣe òfin tó fi àyè gbà á kí wọ́n pa púpọ̀ nínú gbèsè àtijọ́ ti CSA rẹ́, ó sì dun ọ̀pọ̀ ìyá wọra. Bí èyí tó wà lákọsílẹ̀ bá lè bọ́ sọnù báyìí, kí ló máa gba èyí tó wà lórí ahọ́n?

Ẹ̀yin bàbá, ẹ kò ní gbọ́ èébú lẹ́nu mi. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń san, tí wọn kò sì rí ọmọ. Òfin kò so méjèèjì pọ̀. Bí ìyá kò bá jẹ́ kẹ́ ẹ rí ọmọ, kóòtù wà fún ìyẹn. Ẹ má fi ebi pa ọmọ torí rẹ̀. Bí ọmọ bá sì ń sùn lọ́dọ̀ yín tó òru 52 lọ́dún, wọ́n á yọ ìdá kan nínú méje kúrò nínú ohun tẹ́ ẹ ń san. Ẹ yé fi owó sínú ọwọ́ ìyá lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ fi ránṣẹ́ láti báǹkì, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ọmọ sí i. Bàtà tẹ́ ẹ rà àti àpò ìrẹsì tẹ́ ẹ gbé wá, ẹ̀bùn ni CMS yóò pè é lọ́jọ́ tí ìjà bá dé.

Ẹ̀yin àgbà tó ń parí ìjà nílé, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí, ẹ má jáwọ́. Àdéhùn tẹ́ ẹ ń bá wọn ṣe ti gba ọ̀pọ̀ ilé lọ́wọ́ ìtìjú. Ṣùgbọ́n ẹ kọ iye owó àti ọjọ́ tí yóò máa wọlé sínú ìwé, kí bàbá àti ìyá jọ buwọ́ lù ú lójú yín, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn níbẹ̀ pé oṣù kan ṣoṣo ni sùúrù. Bí oṣù kan bá lọ tí owó kò dé, ẹ má pe ìpàdé mìíràn. Ẹ lọ sílé ìyá náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kẹ́ ẹ jókòó tì í títí yóò fi fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí CMS tán.