Fáàfù Ṣáwà Kì Í Ṣe Ohun Ẹ̀ṣọ́



Láti Ẹnuwá dé Sábó, àwọn ènìyàn ń tún balúwẹ̀ àtijọ́ ṣe. Wọ́n ń fa páìpù, wọ́n ń so hítà mọ́ ògiri, wọ́n sì ń fi ṣáwà síbẹ̀. Ìlọsíwájú ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í bi púlọ́ńbà: irú fáàfù wo ni yóò máa po omi gbígbóná mọ́ tútù?

Ìdí rẹ̀ nìyí. Táǹkì kan ṣoṣo ni ó ń fún gbogbo ilé lómi. Bí ọmọ bá wà lábẹ́ ṣáwà, tí ẹnìkan sì ṣí ẹ̀rọ ní ilé ìdáná, omi tútù lè dínkù lójijì, kí gbígbóná sì máa dà lé ọmọ náà lórí. Omi tí ó gbóná tó 60°C lè bó àgbàlagbà lára láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5. Ti ọmọdé kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ojúlówó fáàfù a máa mọ̀ bí omi tútù bá fà sẹ́yìn, a sì dín gbígbóná kù lójú ẹsẹ̀.

Nítorí èyí, òfin ní ọ̀pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà kò gbà kí omi ṣáwà kọjá 49°C. Àmì ASSE 1016 ni wọ́n ń wò lára fáàfù. Ní Ẹ́ńgìláǹdì, láti 2010, omi ọpọ́n ìwẹ̀ nínú ilé tuntun kò gbọdọ̀ kọjá 48°C. Àwa náà ní Ìlànà Ìkọ́lé ti orílẹ̀-èdè láti 2006, ṣùgbọ́n ìwé kì í dá ṣọ́ balúwẹ̀.

Ẹ̀yin ará ilé iṣẹ́ mọ̀ pé bọ́ílà kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ láìní fáàfù ààbò. Ẹ̀yin awakọ̀ kì í ṣí rédíétọ̀ gbígbóná. Kí ló dé tí ewu tí a kọ̀ níbi iṣẹ́ fi di ohun tí a gbà nílé?

Èrò tèmi ni pé kí a tó sanwó iṣẹ́, kí púlọ́ńbà ṣí ṣáwà àti ẹ̀rọ ìdáná pọ̀, kí ó sì fi tẹmómítà wọn omi náà lójú wa. Ẹni tí ó bá yáwó alájẹṣẹ́kù láti fi tún ilé ṣe, kí ó kọ owó fáàfù ṣáájú owó táìlì. Onílé tí ń gba owó ilé kò sì gbọdọ̀ ti ìnáwó yìí sí àyálégbé lọ́rùn.

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ má jẹ́ kí ti ọmọ wa gbóná.