Gìrátúítì Kì í Ṣe Ìtọrẹ Àánú

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń dùn mí tipẹ́, mi ò sì lè pa á mọ́ra mọ́. Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń ṣe ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì fún tíṣà ní agbègbè wa yìí, ìbáà jẹ́ Ọlọ́runṣògo, Àkànrán, Lálúpọn tàbí Mọ́níyà, ẹnì kan á ṣáà gba maikírofóònù, á bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ fún àwọn olùkọ́ tó kù pé kí wọ́n tètè múra sílẹ̀. Kí wọ́n sin adìyẹ, kí wọ́n gbin ẹ̀gẹ́, kí wọ́n ra ilẹ̀, nítorí pé àìmúrasílẹ̀ ló ń sọ òṣìṣẹ́ di alágbe lọ́jọ́ alẹ́. Gbogbo èrò á pàtẹ́wọ́. A ti gbọ́ ọ lórí pẹpẹ pẹ̀lú, láti ẹnu àwa tí a ń pe ara wa ní ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Mo ní ọ̀rọ̀ náà kò tọ́.

Adìyẹ dára, ẹ̀gẹ́ dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọdún 35 kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ti múra sílẹ̀ fún ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ wà nínú òfin. Ẹni tó jẹ ẹ́ lówó tí kò san án ni kí a máa bá wí, kí a má ṣe máa bá ẹni tí wọ́n jẹ lówó wí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣí ìṣirò náà fún yín, nítorí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni kì í béèrè rẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n bá ń kó ẹrù kúrò ní kíláàsì. Nínú ètò àtijọ́, èyí tí òfin pẹ́ńṣọ̀n ọdún 1979 fi lélẹ̀ tí wọ́n sì tún ṣe lọ́dún 1992, owó méjì ni òṣìṣẹ́ ìjọba ń gbà. Gìrátúítì ni èyí tí wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Pẹ́ńṣọ̀n ni èyí tí ń wọlé lóṣooṣù títí ikú. Ẹni tó bá lo ọdún 10 pé ní ẹ̀tọ́ sí gìrátúítì tó jẹ́ owó ọdún kan gbáko, àti pẹ́ńṣọ̀n tó jẹ́ ìdá 30 nínú 100 owó rẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, ọdún kọ̀ọ̀kan ń fi ìdá 8 kún gìrátúítì, ó ń fi ìdá 2 kún pẹ́ńṣọ̀n, títí tí yóò fi dé ọdún 35, tí gìrátúítì yóò di owó ọdún mẹ́ta, tí pẹ́ńṣọ̀n yóò sì di ìdá 80.

Ká ní owó oṣù olùkọ́ kan jẹ́ 100,000 náírà nígbà tó ń lọ. Bó bá lo ọdún 35, gìrátúítì rẹ̀ jẹ́ 3,600,000 náírà, pẹ́ńṣọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ 80,000 lóṣù. Bó bá lọ ní ọdún 25, gìrátúítì di 2,640,000, pẹ́ńṣọ̀n di 60,000. Bó bá lọ ní ọdún 10, gìrátúítì 1,200,000 ni, pẹ́ńṣọ̀n 30,000. Bí kò bá sì tíì pé ọmọ ọdún 45, kò ní fojú kan pẹ́ńṣọ̀n náà títí ọjọ́ orí rẹ̀ yóò fi pé. Ẹni tó lọ ní ọdún 9 kò ní pẹ́ńṣọ̀n rárá.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ bá ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀. Kí ẹ tó sọ fún arábìnrin kan tó jẹ́ tíṣà pé Olúwa ń pè é kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè oṣù mélòó ló kù kí ọdún rẹ̀ tó pé 10. Olúwa tó pè é lè dúró dè é fún oṣù mẹ́jọ. Àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ tí wọ́n ń sá lọ sí òkè òkun láì kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sílẹ̀ náà, ẹ kìlọ̀ fún wọn. Ẹni tó bá kọ̀wé pé òun fẹ̀yìn tì, tó sì fún ìjọba ní oṣù mẹ́ta, ó bá òfin lọ. Ẹni tó pòórá, wọ́n lè lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ pátápátá, ìyà ọdún tó ti ṣiṣẹ́ á sì bá ìwé náà lọ.

Nítorí náà, mi ò sọ pé kí ènìyàn má ṣe fẹ̀yìn tì kí ọjọ́ tó pé. Ẹ̀tọ́ ni. Tíṣà tí orúnkún ń dùn, tí ń gun ọ̀kadà lójoojúmọ́ lọ sí ilé ìwé abúlé lẹ́yìn Àkànrán, tó ti lo ọdún 27, kí ló ń dúró ṣe? Ohun tó ń dè é mọ́lẹ̀ ni pé kò dá a lójú ìgbà tí gìrátúítì rẹ̀ yóò jáde. Ìṣirò wà nínú òfin, ọjọ́ tí wọn yóò san án ni kò sẹ́ni tó mọ̀. Kí ni ènìyàn fẹ́ fi irú owó bẹ́ẹ̀ múra sílẹ̀ fún?

Báwo ni gbèsè náà ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe àdììtú. Lọ́dún 1979, nígbà tí Olóyè Bọ́lá Ìgè di gómìnà, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ mú kí ilé ìwé pọ̀, wọ́n sì gba olùkọ́ púpọ̀ síṣẹ́. Ẹ ka ọdún 35 láti ìgbà náà, ẹ ó bọ́ sí ọdún 2014 àti àwọn tó tẹ̀ lé e. Àkókò yẹn gan-an ni owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò lè san owó oṣù pàápàá, tí ìjọba àpapọ̀ fi ní láti yá wọn lówó lọ́dún 2015. Gbogbo ènìyàn ló mọ ọdún tí àwọn olùkọ́ wọ̀nyẹn yóò fẹ̀yìn tì, torí ó wà nínú fáìlì wọn láti ọjọ́ kìíní. Ta ni kò múra sílẹ̀ nígbà náà, tíṣà ni àbí ìjọba? Láti ọdún 2019, ìjọba Gómìnà Ṣèyí Mákindé ti ń san gìrátúítì náà díẹ̀díẹ̀, a sì dúpẹ́ fún èyí. Ṣùgbọ́n ìdúpẹ́ kò ní kí a má sọ òótọ́. Ẹni tó yẹ kó gba owó rẹ̀ lọ́dún 2015, nígbà tí àpò símẹ́ńtì kan kò tó 2,000 náírà, tó wá gbà á nígbà tí àpò kan ti kọjá 7,000, iye náírà kan náà ni wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀. Ilé tó fẹ́ fi kọ́ ti di ìpìlẹ̀ lásán.

Pẹ́ńṣọ̀n ńkọ́? Ìwé òfin ọdún 1999, ní abala 210, sọ pé kí wọ́n máa tún pẹ́ńṣọ̀n òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ yẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbàkúùgbà tí owó oṣù bá yí padà. Owó oṣù tó kéré jù lọ jẹ́ 18,000 lọ́dún 2011, ó di 30,000 lọ́dún 2019, ó di 70,000 lọ́dún 2024. Kí olúkúlùkù yín béèrè lọ́wọ́ bàbá tàbí ìyá rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà iye tí pẹ́ńṣọ̀n wọn fi sún lẹ́ẹ̀mẹ́ta náà.

Àwọn kan á ní ètò tuntun ti ọdún 2004 ló máa yanjú rẹ̀, èyí tí wọ́n tún òfin rẹ̀ ṣe lọ́dún 2014, tí òṣìṣẹ́ ń dá ìdá 8, tí agbanisíṣẹ́ ń dá ìdá 10. Òun ni àwọn olùkọ́ ilé ìwé ìjọba àpapọ̀ àti ti Yunifásítì Ìbàdàn ń lò. Ó dára ju àìrí nǹkan lọ. Síbẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, òṣìṣẹ́ jà fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí owó tí wọ́n yọ nínú owó oṣù wọn tí kò dé àpò pẹ́ńṣọ̀n. Ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ní láti fọwọ́ sí 758 bílíọ̀nù náírà lọ́dún 2025 láti fi san gbèsè pẹ́ńṣọ̀n tó ti pọ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá sì kúrò kó tó pé ọmọ 50, ìdá 25 ló lè gbà nínú àpò rẹ̀, lẹ́yìn oṣù mẹ́rin tí kò rí iṣẹ́ mìíràn. Ìyókù di ìgbà tó bá pé 50.

Owó yìí ni àwọn kan ń jí. Ní oṣù kìíní ọdún 2013, John Yakubu Yusufu jẹ́wọ́ ní ilé ẹjọ́ ní Àbújá pé òun lọ́wọ́ nínú owó pẹ́ńṣọ̀n ọlọ́pàá tó lé ní 23 bílíọ̀nù náírà. Adájọ́ ní kó lọ ẹ̀wọ̀n ọdún méjì tàbí kó san 750,000 náírà. Ó san án, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó di ọdún 2018 kí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó ní kó lọ ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà, kó sì dá owó padà. Ṣé àìsin adìyẹ ni ti àwọn ọlọ́pàá tó ń tò lórí ìlà nígbà náà?

Lọ́dún 2022, òfin jáde pé kí olùkọ́ máa lo ọdún 40 tàbí kó dé ọmọ 65, bí ìpínlẹ̀ rẹ̀ bá gbà á wọlé. Ẹni tó wù, kó dúró. Èrò tèmi ni pé ìjọba tó jẹ gbèsè kò ní kórìíra òfin tó ń sún ọjọ́ ìsanwó síwájú.

Ohun tí a fẹ́ kò le. Kí ìjọba lẹ orúkọ gbogbo ẹni tó fẹ̀yìn tì mọ́ ara ògiri sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, Ọ̀nà-Àrà, Ẹgbẹ́dá, Lágẹlú àti Akínyẹlé, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n fẹ̀yìn tì, kí wọ́n sì máa san án bí ó ṣe tò, kí ẹnikẹ́ni má fo ìlà. Kí olùkọ́ tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀dà lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀, ti ìfìdímúlẹ̀ àti ti ìgbéga gbogbo nílé, nítorí mo mọ bí fáìlì ṣe ń sọnù.

Àwa ìjọ náà ní tiwa. Òfin ọdún 2014 mú ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pé kó dá owó pẹ́ńṣọ̀n fún wọn. Mélòó nínú ilé ìwé tí ìjọ wa dá sílẹ̀ ló ń ṣe é? Pásítọ̀ tó ní olùkọ́ 20 lábẹ́ rẹ̀, tí kò dá kọ́bọ̀ fún wọn, kó ṣí àpò pẹ́ńṣọ̀n fún wọn lóṣù yìí, kó tó wá bá wa gbé pátákó lọ sí sẹkitéríàtì.